Lẹ́búlẹ́bú Irin Lójúde Bàbá Mi

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni kí ènìyàn sọ pé nǹkan ti bàjẹ́ nígbà tí kò tíì tú síkúrù rẹ̀ kan wò.

Àwọn ẹbí ti ta ilé bàbá mi ní Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá lẹ́yìn odi. Wọ́n ní òrùlé rẹ̀ ti jẹrà, kò ṣe é tún ṣe mọ́. Ọjọ́ Ajé ni ẹni tó rà á yóò wó o. Mo bẹ ọmọ mi obìnrin, tó ń fi dróònù, kámẹ́rà tó ń fò, ya àwòrán ìgbéyàwó jẹun, pé kó bá mi ya ilé náà láti òkè kó tó di àwátì. Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan òrùlé yẹn. N kò rí i láti òkè rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó gbé e fò. Dróònù dúró dáadáa, ṣùgbọ́n àwòrán ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Ọrùn tí kámẹ́rà rọ̀ sí ni kò gbádùn. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan, tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ló ń yí ọrùn náà kí àwòrán má baà mì.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Alajo, ọmọ Anago, ìyẹn Yorùbá, bíi tiwa. Ó tàn án, ó wò ó, ó pa á.

"Paapa, ẹ́ńjìnnì ti jóná. Ẹ ju orí ẹ̀ nù, kẹ́ ẹ ra òmíràn."

"Ṣé o wọn wáyà ẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ wọ̀n? Ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí ni, Paapa. Kì í ṣe rédíò ìgbà yín."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni mo kọ́ ní yunifásítì, nígbà tí òórùn òjé yíyọ́ ṣì máa ń gba gbogbo yàrá iṣẹ́ wa kan. Bí o bá pe nǹkan ní òkú láìwọ̀n ọ́n, olùkọ́ wa á gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, á ní kí o lọ jókòó síta. Ó dùn mí pé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ti tán.

Nígbà tí a délé, mo gbé mítà mi jáde. Wáyà mẹ́ta ló wọ inú ẹ́ńjìnnì náà. Mo wọ̀n wọ́n ní méjì-méjì. Iye kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Bí wáyà inú ẹ̀ bá jóná, wọn kì í dọ́gba bẹ́ẹ̀. Mo wá fi ìka yí i. Ó yí wẹ́rẹ́, ó dé ibì kan, ó há.

"Irọ́ ni bọ̀bọ́ yẹn pa," mo wí. "Nǹkan wà nínú ẹ̀."

A tú u. Irùngbọ̀n dúdú ti hù sára òòfà inú rẹ̀: lẹ́búlẹ́bú irin.

"Níbo lo ti ń gbé e fò?"

"Lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Àgbà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ibẹ̀ ni gbogbo ìrìn àjò ilé wa ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Òótọ́ ni. Ẹni tó ń lọ sí Kumasi lásán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n wẹ́dà ló háyà iwájú ilé báyìí, ibẹ̀ ló ti ń gé irin géètì. Atẹ́gùn dróònù gbé erùpẹ̀ ibẹ̀ sókè, òòfà sì gbà á mọ́ra.

A fi igi ìṣáná àti sẹ́lótéèpù fà á kúrò títí ọrùn náà fi ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà kan náà, dróònù gbéra láti orí rẹ̀. Àwòrán dúró gbọn-in. Mo rí òrùlé bàbá mi: páànù tò lórí ìlà, ọ̀kan kò ṣí, ọ̀kan kò dípẹtà. Mo pe àbúrò mi tó ṣáájú títà náà.

"Ta ló gun òrùlé yẹn wò tẹ́ ẹ fi ní ó ti jẹrà?"

"Ẹ̀gbọ́n, a ti tà á."

"Mo ní ta ló gùn ún wò?"

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.