Abúlé Ìsinmi Etí Fàdámà

Ọkùnrin náà kò jẹ oúnjẹ mi. Ohun tó kọ́kọ́ mú kí n fura sí i nìyẹn. Ó wọ sàfárí funfun wá sílé wa ní Kabala Costain, ó tẹ́ àwòrán kan sórí tábìlì, ó ní abúlé ìsinmi ni wọn yóò kọ́ sétí odò Kàdúná: ilé kéékèèké pẹ̀lú ọgbà òdòdó, níbi tí àwọn òyìnbó tó bá wá wo ọ̀nì àti ẹyẹ yóò ti máa sùn. Ẹni tó bá tètè ra ilẹ̀ níbẹ̀, jíjókòó ni yóò máa jókòó tí owó yóò máa wọlé. Mo gbé iyán síwájú rẹ̀, ó ní òun ti yó. Ọkọ mi, olùkọ́ tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, kò rí iyán, kò rí èmi. Àwòrán ló ń wò.

Bí àlejò ṣe jáde ló ní, "A ó ta ilé yìí."

Ilé wo? Ilé tí èmi náà ru omi kọ́? Mo ní kó kọ́kọ́ mú mi dé ibẹ̀ ná.

Nígbà ọyẹ́ la lọ. Ilẹ̀ náà gbẹ, ó tẹ́jú, ó dùn ún wò, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n pátákó ìjọba wà lẹ́nu ọ̀nà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọdẹ tàbí kọ́lé síbẹ̀, nítorí àwọn ẹyẹ inú fàdámà, ilẹ̀ àbàtà tó lọ títí dé odò.

"Haba, Màdáàmù! Pátákó àtijọ́ nìyẹn. Wọ́n máa yọ ọ́, ba kome, kò séwu." Oní-sàfárí kò wojú mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo gbójú sókè. Koríko gbígbẹ há sórí ẹ̀ka igi, ó ga jù mí lọ dáadáa. Etí odò ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ ohun tí omi máa ń fi sílẹ̀ tó bá ń padà lọ. Mo fi han ọkọ mi. Ó ní ìtẹ́ ẹyẹ ni. Inú bí mi débi pé n kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Lálẹ́, ó bẹ̀ mí. "Ìyá àwọn ọmọ, fọkàn balẹ̀. N kò ní ta ilé láìjẹ́ pé o mọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ oní-sàfárí. Tó bá ti dé báyìí, màá da ìrẹsì sórí àtẹ, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, màá máa ṣa òkúta inú rẹ̀, kí n lè gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Lásìkò yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n kan, ará ìlú ọkọ mi tó ń fi mọ́tò ṣòwò ní Kawo, bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí wa lẹ́yìn ìsìn. Tirẹ̀ dára lójú mi. Ó máa ń jẹ iyán mi tán, á tún lá ọwọ́. Wọn kì í sì í bi ẹ̀gbọ́n ọkọ pé kí ló bá wá: o kúnlẹ̀, o gbé oúnjẹ wá, ó parí.

"Ìyàwó wa, ilé yín tutù o. Ṣé kànga yìí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn?"

Orí mi wú. Mo ní kò gbẹ rí. Mo ṣí yàrá hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ilé ìdáná tí mo jà kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó ṣàdúrà fún mi, mo ṣe àmín.

Òjò dé. Odò kún, ó bo fàdámà, ó bo ilẹ̀ abúlé ìsinmi. Pátákó ìjọba nìkan ló yọrí. A kò rí oní-sàfárí mọ́. Inú mi dùn, ẹ má wulẹ̀ bá mi wí. Mo lọ bá ọkọ mi ní pálọ̀.

"Ìtẹ́ ẹyẹ, àbí? Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ń ṣọ́ yín, ibo là bá wà báyìí?"

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.

"Mo ti ta ilé yìí," ló wí. "Owó náà sì ti wà lọ́wọ́ oní-sàfárí."

Mi ò tíì lanu tí lọ́rí kan fi fun fèrè níta. Bẹ́ẹ̀dì àti àpótí ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ará Kawo sọ̀kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọkọ rẹ̀ ń júwe fún un láti ẹnu géètì: kànga tí kì í gbẹ nìyẹn, ilé ìdáná tó fẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ilé o."

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé kì í ṣe ilé mi mọ́.