A Kì Í Kúnlẹ̀ fún Ìgbì

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo sì ti di opó, kí n tó mọ̀ pé omi òkun máa ń ta èèyàn nímú bí ata. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ tí mo fẹ́. Nílé tiwa, omi tó bá ti ju ti garawa lọ, ọ̀wọ̀ là ń bù fún un, a kì í bá a ṣeré. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọge pé èmi yìí yóò lọ máa gun ìgbì òkun bí ẹni gun ẹṣin, màá ní kó lọ sùn, ibà ló ń ṣe é.

Sùúrùlérè là ń gbé, èmi àti ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, nínú yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Yábàá. Ọkọ mi ti kú lójú títì Ìbàdàn, nígbà tó ń relé lọ ṣọdún Àjíǹde. Mo wọ aṣọ dúdú fún ọdún kan gbáko. Lọ́jọ́ tí mo bọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Mùṣín, pè mí jókòó, ó ní ilé bàbá lọmọ ń gbé, yàrá sì wà nílé òun fún ọmọ àbúrò òun. Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó dáa, kí n ṣì mú un dání, òun yóò máa wo ìwà mi. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń wò ó lóòótọ́. Bí mo bá pẹ́ kí n tó wá kí wọn, á mẹ́nu ba yàrá yẹn. Bí mo bá rán aṣọ tó pupa díẹ̀, á rán mi létí pé yàrá yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Àwa àti obìnrin kan tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì la jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìlú kan létí òkun lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ló ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó ń bọ̀ nílé, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń di fíríìjì àti rédíò wọkọ̀, pákó gbọọrọ kan ló gbé dání. Pákó náà ga ju èèyàn lọ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, imú rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Ó gbé e ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ ní ìdérí pósí ni, kì í sì í gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá láìfi ẹ̀jẹ̀ Jésù bora. Lánlọ́ọ̀dù ní pákó tí wọ́n fi ń lọṣọ ni. Èmi ní tèmi, ojú mi kì í kúrò lára ẹ̀.

Ní Sátidé kan, ó bá mi níbi tí mo fọwọ́ lẹ́rán sí lójú fèrèsé.

"Tíṣà, dìde jàre," ó ní. "Mú ọmọ ẹ, jẹ́ ká lọ."

A di pákó mọ́ orí takisí. Ní Costain, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan yọrí sí wa, ó kígbe, "Madam, who die?" Àǹtí Nọ́ọ̀sì náà yọrí, ó ní, "Nobody die! We dey go enjoy life!" A gba Ìjọra kọjá sórí afárá, a dé Marina, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay. Èmi àti ọmọ mi jókòó sórí yanrìn. Mo rí obìnrin yẹn tó dojú bolẹ̀ lórí pákó, tó ń fọwọ́ wa omi lọ síwájú, tí ìgbì sì gbérí lẹ́yìn ẹ̀. Ó dìde dúró lórí ẹ̀ bí ìgbà téèyàn dúró sí bákónì ilé ara ẹ̀, ìgbì sì ń gbé e bọ̀ wá bá wa.

Inú bí mi. Ẹ máà bi mí pé kí ló dé. Inú bí mi pé irú nǹkan báyìí wà láyé, mo sì ti wà láyé tó báyìí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Kí a tó padà délé lọ́jọ́ yẹn, mo ti sọ fún un pé kó kọ́ mi.

Ìlúwẹ̀ẹ́ la fi bẹ̀rẹ̀, ní ibi tí omi ti rọlẹ̀. Omi iyọ̀ tí mo mu nígbà yẹn tó fi se ọbẹ̀ fún gbogbo ìjọ wa. Nígbà tó yá, ó gbé mi ka pákó. Ibẹ̀ ni orúnkún mi ti dà mí. Bí ìgbì bá gbé pákó, ńṣe ló yẹ kéèyàn fọwọ́ méjèèjì ti ara ẹ̀ sókè, kó sì fẹsẹ̀ méjèèjì tẹ pákó lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá gba orí orúnkún, ó ti parí, pákó á yí, òkun á gbé e dànù. Èmi ní tèmi, orúnkún ni mo ń kọ́kọ́ fi balẹ̀ ṣáá. Mo ti ń kúnlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n rìn. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá mi láàárọ̀, mo kúnlẹ̀ gbé omi fún ọkọ mi, mo kúnlẹ̀ kí gbogbo ẹni tí mo bá nílé ọkọ, títí kan àwọn ọmọdé tí wọ́n bí kí n tó wọlé wọn. Bí ohun tó jù mí lọ bá ń bọ̀, ara mi ò mọ nǹkan mìíràn tí à ń ṣe.

"Ta lò ń kí?" Àǹtí Nọ́ọ̀sì á kígbe. "Ìgbì kì í ṣe ìyá ọkọ ẹ! Dìde gìrì!"

Ọmọ mi náà á gbè é lẹ́sẹ̀ láti orí yanrìn pé, "Mọ́mì, ẹ tún ti ṣubú o!"

Mo ṣubú títí tí ìgbáròkó mi fi dúdú. Mo bọ́ sínú kíláàsì pẹ̀lú ètè wíwú, mo ní ilẹ̀kùn ló gbá mi. Ṣùgbọ́n èmi tí mi ò rí oorun gidi sùn láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, mo wá ń sùn fọnfọn. Nínú omi yẹn, kò sẹ́ni tó ń wo ìwà mi. Mi ò ní fi í sílẹ̀ fún ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé Mùṣín. Wọ́n sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ìyàwó àbúrò ẹ̀ ń wọ ṣòkòtò pénpé kiri etí òkun, àwọn kan tilẹ̀ ní mo ti di ọmọ ẹgbẹ́ màmíwọ́tà. Ó ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Mo dé pálọ̀ ẹ̀, mo kúnlẹ̀, kò sì ní kí n dìde.

"Ìyàwó, ṣé lóòótọ́ ni pé ò ń bá òkun jà?"

"Mi ò bá a jà, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún ni."

"Obìnrin tí kò lọ́kọ, tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Bí omi bá gbé ẹ lọ, kí la fẹ́ sọ fún ọmọ yẹn? Mo ti sin ọ̀kan. Mi ò fẹ́ sin èkejì."

Ohùn ẹ̀ gbọ̀n. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á dénú, ìyẹn sì dùn mí ju kó bú mi lọ. Àmọ́ ẹ̀rù tiẹ̀ ni, èmi kọ́ ni màá máa bá a rù ú.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú títì ni àbúrò yín kú sí. Mọ́tò lẹ sì ń tún ṣe títí dòní. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ jáwọ́."

Ìyàwó ẹ̀ tó ń gbé omi bọ̀ dúró sójú ọ̀nà.

"Ẹnu ẹ ti yá o," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ó dáa. Fi omi yẹn sílẹ̀. Bí o ò bá fi í sílẹ̀, tí wọ́n bá ti gba ọlidé, màá wá mú ọmọ náà."

"Ẹ kì í dẹ́bi fún ẹ́ńjìnnì láìṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá fojú yín rí i kẹ́ ẹ tó dájọ́."

Mẹkáníìkì ni, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó gbà láti wá.

Kí n sọ òótọ́, mi ò tíì dìde dúró rí lórí pákó yẹn lọ́jọ́ tí mo pè é. Mo pe adájọ́ wá wo ohun tí mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀gbọ́n wọ bàtà aláwọ àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ kanlẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí, ó ń ka Sáàmù sínú. Nígbà tí a dé etíkun, ó kọ̀, kò bọ́ bàtà. Ó dúró lórí yanrìn, ó fọwọ́ di ọmọ mi lọ́rùn ọwọ́ mú, bí ẹni pé òkun fẹ́ já a gbà.

Ìgbì àkọ́kọ́ dé, mo kúnlẹ̀, ó gbé mi dànù. Nígbà tí mo yọrí, mo rí Ẹ̀gbọ́n tó ń rìn síwá sẹ́yìn. Mo tún gun pákó. Ìgbì kejì gbérí, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ láti orí yanrìn:

"Kúnlẹ̀! Ìyàwó, kúnlẹ̀ o! Kúnlẹ̀ kí o di nǹkan mú!"

Háà! Bí inú ṣe bí mi, mo gbàgbé láti bẹ̀rù. Lórí omi náà? Níbi tí mo sá wá? Mo fọwọ́ ti pákó, mo sì dìde. Ìdí mi yọ sẹ́yìn, ẹnu mi là sílẹ̀, orúnkún mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò kan pákó. Bí ẹ bá fẹ́ sín lásìkò yẹn, ẹ ò bá tí ì sín tán kí n tó ṣubú. Síbẹ̀, mo dìde. Mo gbọ́ ọmọ mi tó ń pariwo fún gbogbo ẹni tó wà ní etíkun pé, "Mọ́mì mi nìyẹn! Mọ́mì mi ni o!"

Mo jáde nínú omi, ẹ̀rín kún ẹnu mi. Ẹ̀gbọ́n nu ojú ẹ̀.

"Mo ti rí i," ó ní. "Ó wu ojú, mi ò ní parọ́. Sátidé tó ń bọ̀ tí wọ́n bá ti gba ọlidé, màá wá mú ọmọ."

Mo ti rò ó bíi tíṣà, pé bí mo bá ti yege, wọ́n á fún mi ní ẹ̀bùn. Mo dúró níbẹ̀, omi ń ro tótó lára mi, mo wá mọ̀ pé kò sí ohun tí mo lè ṣe tí ọkùnrin yìí yóò fi fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ọmọ mi fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fún yín."

"O ní kí ni?"

"Mo ní mi ò ní fún yín lọ́mọ mi. Ọmọ àbúrò yín ni, ẹ máa wá wò ó nígbàkígbà tó bá wù yín. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa sùn."

Ó yí padà, ó kọrí sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi wà.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ń tẹ́tí sí ìró mọ́tò lẹ́nu géètì. Mo mọ agbára ẹbí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní kí n gbé ọmọ lọ pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan ní Èbúté Mẹ́tta títí ara Ẹ̀gbọ́n yóò fi rọ̀. Mo ní rárá. Mi ò jí ọmọ ẹnikẹ́ni gbé, kí ló dé tí màá fi í pamọ́?

Láàárọ̀ Sátidé, takisí ti wà nínú ọgbà, pákó ti wà lórí ẹ̀, nígbà tí mọ́tò Pijó Ẹ̀gbọ́n dé, ó sì dúró sẹ́nu géètì gan-an. Ìyàwó ẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó gbé àpótí òfìfo kan lé itan, èyí tí wọ́n fẹ́ kó aṣọ ọmọ mi sí. Mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, a sọ̀ kalẹ̀. Mo kí wọn bó ṣe yẹ.

"Ibo lò ń gbé ọmọ lọ?" Ẹ̀gbọ́n ní.

"Òkun ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé mi ò sọ pé mò ń bọ̀ wá mú un ni?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà sọ tèmi."

Àwọn ará ilé ti kún ojú fèrèsé. Mo ṣílẹ̀kùn takisí, mo gbé ọmọ mi wọ̀ ọ́, mo ti ilẹ̀kùn padà. Mo wá padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Ẹ̀gbọ́n. Ó di sítíárìn mú, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò yín dí wa lọ́nà."

Ó wo ọmọ nínú takisí, ó wo èmi. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó ń bọ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yíjú wo ẹ̀yìn, ó ki jíà bọ̀ ọ́, ó sì sún mọ́tò ẹ̀ kúrò lẹ́nu géètì.