Ìwọ̀n Ẹni Tó Ti Lọ

Ojúlòṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni, lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sì gé aṣọ agbẹ̀bí kan bà jẹ́.

Wọn ò fi orúkọ náà pọ́n ọn lé lásán. Láti ìgbà tó ti mọ àlùmọ́gàjí í lò dáadáa ni kò ti fọwọ́ kan téèpù mọ́. Oníbàárà á wọlé, á yí po lẹ́ẹ̀kan, òun á wò ó látòkè délẹ̀, ó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù a sì máa fi í yangàn.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló kún ojú náà báyìí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ́ fi ṣaya, tó ń ta òwú ní òdìkejì títì, ti bá ẹlòmíràn lọ. Kò bú u, kò bá a jà. Ó kàn ní, "Má bínú, ọkàn mi ò sí níbí mọ́." Láti ọjọ́ náà, bí Ojúlòṣùwọ̀n bá ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, á rí i níwájú dígí, tó gbé apá sókè díẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín pé, "Ṣé kò ní fún mi lábíyá báyìí?" Ó mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mímọ̀ náà ò ràn án lọ́wọ́.

Bí agbẹ̀bí ṣe bá a nìyẹn. Obìnrin tó sanra, tó lọ́yàyà ni. Aṣọ tí yóò wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló mú wá. Ojúlòṣùwọ̀n kí i, ó wò ó, ó gé aṣọ náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé aṣọ náà sókè, ó figbe ta.

"Àbúrò mi, ta lo gé èyí fún?"

"Agbẹ̀bí ni."

"Agbẹ̀bí wo? Itan wọn kan ṣoṣo ni yóò wọ ibí!"

Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ ò gbà.

"Mo wò wọ́n dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ò wò wọ́n. Ohun tójú bá ń wá lojú ń rí." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Mo bẹ̀ ọ́, máa lo téèpù. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé."

Ẹ̀gbọ́n ra irú aṣọ náà, wọ́n sì bẹ agbẹ̀bí kó padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, Ojúlòṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà bó ṣe yẹ, agbẹ̀bí sì lọ. Àmọ́ bí àlùmọ́gàjí ṣe dé ìbàdí, ẹni iwájú dígí tún gbé apá sókè. Ọwọ́ rẹ̀ yà kúrò lórí ilà, ó ń wọnú lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ náà mú. Ó rọra gba àlùmọ́gàjí, bí ẹní gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

"Ṣé o rí ilà tí o fà?"

"Mo rí i."

"Kí ló wá gbé ọ kúrò lórí ẹ̀?"

Ojúlòṣùwọ̀n yíjú sí dígí. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló gé aṣọ agbẹ̀bí parí.

Ó ti bá agéṣọ mìíràn sọ̀rọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni onítọ̀hún yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nídìí tábìlì náà. Ojúlòṣùwọ̀n yóò bọ́ sí ẹ̀yìn, yóò máa rán bọ́tìnnì.