Èéfín Tí Ràmọ́nì Fi Ń Pe Òjò

Bí ẹ bá gun ọ̀kadà kọjá abúlé wa lọ́nà Ìlerò, ẹ óò rí oko Ràmọ́nì lápá òsì. Ẹgbẹ̀ta ebè ló kọ lọ́dún tó kọjá. Ó gbin iṣu sí wọn, ó sì fi koríko gbígbẹ bo orí wọn kí oòrùn má baà sè é mọ́ inú ilẹ̀. Kò ku èbù kan ṣoṣo nílé. Bí òjò kò bá rọ̀ kí oṣù Épírì tó jáde, ó tán fún un nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an là ń sá tọ̀ bí òjò bá pẹ́. Ìdílé wọn ló ń dáná sungbó fún abúlé. Ìgbàgbọ́ wa ni pé èéfín tó bá gòkè tààrà ń lọ di ìkùukùu, ìkùukùu á sì di òjò. Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣebí dúdú làwọn méjèèjì? Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ yìí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ lọ́jọ́ iná, ẹ ò lè bá a sọ̀rọ̀, á máa yan fanda.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dáná láàrin oṣù Máàṣì. Òjò ṣú, àrá sán, gbogbo rẹ̀ túká lórí wa. Ìgbà náà ni Bàṣírátù ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ nípa ojú ọjọ́ ní yunifásítì n'Ìbàdàn, wálé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná mọ́. Eruku wẹ́wẹ́ lomi inú ìkùukùu ń lẹ̀ mọ́ kó tó di ẹ̀kán òjò. Bí èéfín bá ti pọ̀ jù, omi náà á pín kélekèle. Bí ẹ bá pín ife omi kan fún ogójì èèyàn, ta ló máa mu yó? Kò ní wúwo tó láti já bọ́. Ẹ̀dú lẹ́búlẹ́bú inú èéfín tún ń gba ooru oòrùn sára lókè lọ́hùn-ún, á máa yan ìkùukùu gbẹ."

"Èéfín igbó kékeré yìí?"

"Kì í ṣe tiyín nìkan, Bàbá. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ń sungbó lẹ́ẹ̀rùn. Iná ńláńlá ilẹ̀ òkèèrè tiẹ̀ wà tí èéfín wọn ń gòkè kọjá ìkùukùu, síbi tí òjò kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù níbẹ̀, kó máa dí oòrùn lọ́nà."

Ràmọ́nì ṣí fìlà, ó wò mí. "Ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rẹ́ mi. Ṣé èmi ni mo ń lé òjò ni?"

Mo fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀ bí ìṣe wa, àmọ́ àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tí abúlé wá bẹ̀ ẹ́ fún iná kẹrin, ó ní òun ò dá a mọ́. Ó ṣàlàyé, ṣàlàyé. Etí ikún ni wọ́n kọ sí i. Àwọn kan ní ìwé ọmọ rẹ̀ ti yí i lórí, àwọn kan ní òun fúnra rẹ̀ ló so òjò mọ́ òkè. Mojeed àbúrò rẹ̀ bá gba ìṣáná, ó ti iná bọ igbó ẹ̀yìn odò, èyí tó ṣẹ́ kù.

Èéfín náà gòkè tààrà. Ariwo ayọ̀ ta. Èmi tí mo gbọ́ gbogbo àlàyé yẹn náà pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí láti dá yàtọ̀.

Nígbà tí mo tọ Ràmọ́nì lọ sóko, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ hú ebè kan. Iṣu inú rẹ̀ ti rọ̀, ó ti ń rùn. Ó gbójú sókè wo èéfín, lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ mi tí mo fi pàtẹ́wọ́.