Àdúrà Ọ̀gá Akọ̀wé

Àwa méjìlá la jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ńlá kan ní Creek Road, ní Àpápá, kété lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Ìwé ẹrù tó ń ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀ là ń kọ. Kò sí ògiri tó là wá láàárín. Tẹlifóònù kan ṣoṣo tó wà, orí tábìlì ọ̀gá akọ̀wé ló jókòó sí. Bí ìyàwó ẹnìkan bá ń bá a jà lórí fóònù, gbogbo wa la ó gbọ́, ṣùgbọ́n a ó tẹrí mọ́ ìwé bí ẹni tó dití.

Ọ̀gá akọ̀wé nìkan ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Díákónì ni, ó ń wọ táì nínú ooru tó ń mú ajá yọ ahọ́n. Bí ẹlòmíì bá ń sọ̀rọ̀, á dá bíró rẹ̀ dúró, á na ọrùn bí adìyẹ tó gbọ́ ìró àgbàdo. Kì í pe ohun tó bá kó jọ ní òfófó. Àdúrà ló ń pè é.

Ajégúnlẹ̀ ni mo ń gbé nígbà náà, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tó jẹ́ pákó la fi ṣe ògiri. Obìnrin tó ni ilé náà ń ra ẹja ní Marine Beach wá tà, kò sì mọ̀wé rárá. Bí tọkọtaya bá bẹ̀rẹ̀ ìjà, á yí rédíò rẹ̀ sókè. Bílẹ̀ bá mọ́, á kí àwọn méjèèjì, "Ẹ jíire o." Ó parí síbẹ̀. Obìnrin yẹn ló yẹ kó máa wọ táì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún fún obìnrin tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tó ti wà nílé ọkọ, kò sì tíì bímọ. Ó kẹ̀yìn sí wa, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Dókítà, ṣé dandan ni kí ọkọ mi náà wá ṣe àyẹ̀wò?"

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tán tí ọ̀gá akọ̀wé fi dìde, tó dijú, tó gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ ká ran arábìnrin wa lọ́wọ́. Olúwa yóò ṣí i nínú. Olúwa yóò sì wo ọkọ rẹ̀ sàn."

Àwọn kan ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Títí dòní ni mo ń kórìíra ẹnu tí mo fi ṣe é.

Obìnrin náà kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbàdúrà fún yín. Lánàá tí ẹ̀ ń bẹ ìyàwó yín lórí fóònù pé kó má tìlẹ̀kùn yàrá mọ́ yín mọ́, etí mi ò dí. Olúwa yóò rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ẹ ò ní sun pálọ̀ lónìí."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ẹnìkan wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín. Ọ̀gá akọ̀wé jókòó, ó ń tú táì rẹ̀ bí ẹni pé okùn ni.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti fi ẹjọ́ sùn lókè pé obìnrin náà rí àgbà fín. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹrù wa ní Liverpool Road. Akíkanjú mẹ́wàá la ṣẹ́kù, kò sẹ́ni tó lanu gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i níbẹ̀, ariwo lọ́rì pọ̀ débi pé ó ní láti pariwo sí mi létí.

Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn! Ẹ ní mo ń gbádùn níbí!"

Ọ̀gá akọ̀wé kò tún fi fóònù ọ́fíìsì pe ìyàwó rẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á sọdá títì lọ tọrọ fóònù ní ọ́fíìsì àwọn onílọ́rì, nínú òjò pàápàá, bí olè.