Ẹ̀rọ Etí Ọjọ́ Ìsinmi

Ibà ló gba etí àbúrò mi obìnrin nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé rélùwéè, ní kí ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó bá wọn ra ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀: àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ àyà, tí okùn rẹ̀ ń gòkè wọ etí. Gbogbo àgbàlá wa ní àdúgbò Asata ló wá wò ó.

Màmá wa fi aṣọ funfun wé e, wọ́n kó o sínú àpótí aṣọ, láàrin léèsì àti bàtà ìròde.

"Ohun tó wọ́n tó báyìí, a kì í wọ̀ ọ́ jókòó sílé," ni wọ́n wí.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ṣì ń bí mi nínú. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ẹ̀rọ náà ń jáde, tòun ti ìbọ̀sẹ̀ funfun, nítorí náà dùùrù, àtẹ́wọ́ àti ariwo ìwàásù nìkan ni àbúrò mi ń gbọ́ láyé. Á máa sunkún, á máa fa okùn náà yọ. Màmá gbà pé kò fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, mo jí ẹ̀rọ náà, mo so ó mọ́ àbúrò mi láyà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ojúmìító ló ń dà mí láàmú. Màmá wà nílé ìdáná lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fi orúkọ mi pariwo.

"Níbo lo gbé ìgbálẹ̀ yẹn sí? If I catch you ehn! Màá nà ọ́ lónìí!"

Àbúrò mi dúró gbọnin. Kò sunkún. Ó tẹ̀lé ohùn náà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó fara ti ògiri, ó dijú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo já ẹ̀rọ náà gbà, mo dá a padà.

Gbólóhùn kan péré ì bá yọ ẹ̀rọ náà nínú àpótí aṣọ yẹn títí láé: Màmá, kò sunkún. Ẹ̀rù ẹgba pa á mọ́ mi lẹ́nu. Kí ọdún tó yí po, Màmá kú.

Àbúrò mi lọ sílé ìwé àwọn adití, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ó sì kọ́ èmi náà. Ó ti di ọ̀dọ́bìnrin kó tó bi mí pé kí ni Màmá ń sọ lọ́jọ́ yẹn.

Mo fọwọ́ sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè.

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.