Orúkọ Mi Lábẹ́ Iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n

Òórùn tíì atalẹ̀ ni mo fi ń rántí Ẹ̀gbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ tí ilé iṣẹ́ ní ká máa yọjú, kí n tó dé ibùdókọ̀ ojú irin Ajax ní Canada níbí, Ẹ̀gbọ́n á ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ọkọ̀, fíláàsì tíì wọn láàárín ẹsẹ̀, báàgì wọn lórí ìjókòó kejì kí ẹlòmíì má baà gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Bí òyìnbó kan bá wo báàgì náà bíi pé kó dìde, Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní àbúrò àwọn ń bọ̀. Àbúrò ọ̀hún ni èmi tí mò ń sáré bọ̀ lórí yìnyín, okùn bàtà mi kan ti tú, mo ti pẹ́ bí ìṣe mi. "Ìwọ yìí, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí o wá gba ìjọba, wàá pẹ́ débẹ̀." Bí wọ́n ṣe máa ń kí mi káàárọ̀ nìyẹn.

Wọn kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ní ti ìyá tàbí ti bàbá. Ìgbà àwọn ológun ni wọ́n kúrò ní Nàìjíríà. Wọ́n ti gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Downsview, wọ́n sì ń fi ọjọ́ ìsinmi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti inú ìwé tí wọ́n yá ní ilé ìkàwé. Èmi dé nígbà tí nǹkan ti rọ̀, mo gbé ìwé ẹ̀rí méjì dání, mo rò pé Canada ti ń retí mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó sílé. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ní mọ́sálásí ni Ẹ̀gbọ́n bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kà á sílẹ̀ fún wọn bí ẹni tó ń polówó oògùn. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ó dáa. Yàtọ̀ sí ẹnu, èwo lo mọ̀ ọ́n ṣe?" Àwọn ló mú mi dé iwájú ọ̀gá wọn, àwọn náà ló sì jókòó tì mí fún ọdún kan gbáko títí ojú mi fi là sí kernel.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, kí ẹ má baà rò pé jìbìtì ni mò ń ṣe lókè òkun. Kernel ni ètò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú kọ̀ǹpútà, tó ń pín àyè fún gbogbo ètò yòókù. Àyè yẹn ni mẹ́mọ́rì. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn oníbàárà wa ń lò kì í sinmi, nítorí náà àwọn oníbàárà fẹ́ máa ki mẹ́mọ́rì bọ̀ wọ́n, kí wọ́n sì máa yọ ọ́, láìjẹ́ pé wọ́n pa kọ̀ǹpútà. Kíkì bọ̀ ọ́ kò le. Yíyọ ló ń pani lẹ́kún. Ẹ ronú ilé kan tí ẹ fẹ́ wó yàrá kan nínú rẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń gbé yàrá náà. Ẹ ní láti ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má tún wọlé, kí ẹ sì kó àwọn tó wà níbẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn pẹ̀lú ẹrù wọn. Bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò kúrò, ẹ ó jáwọ́, ẹ ó dá gbogbo wọn padà sí àyè wọn, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ èmi àti Ẹ̀gbọ́n ni ká máa wá ibi tí kíkó àti dídápadà yìí ti ń dojú rú, ká sì tún un ṣe.

Àṣà iṣẹ́ náà ni pé ìmeèlì lèèyàn fi ń fi ohun tó bá kọ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀. Àwọn yòókù á kà á. Ẹni tó bá rí àṣìṣe á sọ ọ́ níbẹ̀, lójú gbogbo ayé. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan á fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ náà, ìyẹn ni pé òun ti kà á, ó dára. Orúkọ yẹn kì í parẹ́ mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò òtútù ọdún tí mò ń sọ yìí, a gbọ́ pé ilé iṣẹ́ fẹ́ dín èèyàn kù. Ẹ̀gbọ́n ló dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ wa. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, ní kí Ẹ̀gbọ́n tún apá yíyọ mẹ́mọ́rì kọ látòkèdélẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ni ilé iṣẹ́ yóò fi wọ̀n wọ́n wò. Àbíkẹ́yìn wọn ṣì wà ní yunifásítì. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi ránṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú kan.

Mo kà á, ó wù mí. Mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí àwọn fúnra wọn ṣe kọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn èèyàn inú yàrá padà, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn kí gbogbo wọn tó dé àyè wọn tán. Ìlà kan ló wà lókè ìlà tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Àlàfo yẹn kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, lọ́pọ̀ ọjọ́ kò ní sí ẹni tó máa bá a pàdé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnì kan bá bá a pàdé, kọ̀ǹpútà náà máa gan ni, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Mo kọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ bí ìbéèrè, bíi pé èmi ni kò yé, mo tún pa á rẹ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ tó, bíi pé mò ń pe bàbá mi lópùrọ́ níwájú àwọn àna rẹ̀ ló ń rí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, téèyàn bá rí àbùkù lára àgbà, ó máa ń sún mọ́ wọn, á sì rọra sọ ọ́ sí wọn létí. Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Mo ní ó di ọ̀la nínú ọkọ̀. Mo tiẹ̀ gbóríyìn fún ara mi pé ọmọlúàbí ni mí.

Lọ́jọ́ kejì, báàgì wà lórí ìjókòó mi bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ìyàwó wọn ti di mọ́ín-mọ́ín méjì fún wa láti fi yọ̀ pé iṣẹ́ parí.

"Àbúrò, o kà á?"

"Mo kà á, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Mi ò ní kí o kí mi. Kí lo rí?"

Wọ́n bi mí o. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ wọn, wọ́n bi mí. Mo gbójú sókè láti sọ ọ́. Ojú wọn mọ́lẹ̀, irú ìmọ́lẹ̀ tí mi ò rí níbẹ̀ láti oṣù mẹ́rin, wọ́n sì ti ń bó ewé mọ́ín-mọ́ín fún mi bíi pé ọmọdé ni mí.

"Kò sí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Ó mọ́ tónítóní."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mọ́ín-mọ́ín ṣì wà lẹ́nu mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo fi orúkọ mi sábẹ́ iṣẹ́ náà. Mo sọ fún ara mi pé tó bá tó oṣù kan, n ó dọ́gbọ́n tún ìlà yẹn tò mọ́ iṣẹ́ mìíràn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Oṣù kan pé. Ààwẹ̀ wọlé, ó jáde. Mo máa ń rántí, n ó sì wá nǹkan mìíràn ṣe.

Nígbà tí yìnyín ti yọ́ tán, kọ̀ǹpútà oníbàárà kan gan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, méjì gan. Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ, kò sí ẹni tó mọ ohun tó fà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ẹ̀gbọ́n fi lé e kiri, ojú wọn pọ́n, wọn kì í fi mí ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ nínú ọkọ̀. Mò ń gbàdúrà kí àwọn fúnra wọn rí i. Wọ́n ka ojú ìwé yẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lójú mi, wọ́n sì kọjá lórí rẹ̀, torí wọ́n ti mọ̀ lọ́kàn wọn ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ní oníbàárà náà fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wa, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo gbé ìlà kan láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ó parí kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní àṣà mìíràn. Ẹni tó bá tún àṣìṣe ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, iṣẹ́ wo ló mú àṣìṣe náà wá àti ẹni tó ṣe é. Mo kọ ọ́. Èmi tí mo kọ̀ láti bi Ẹ̀gbọ́n ní ìbéèrè kan ní gbangba kí ojú má baà tì wọ́n, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ wọn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ pé àwọn ló ba nǹkan jẹ́, sí ibi tí yóò wà títí ayé.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi nípàdé. Ẹ̀gbọ́n náà pàtẹ́wọ́. Tiwọn ló pẹ́ jù.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà sílé, wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n ń wo adágún omi tí ojú irin gbà kọjá.

"Ìlà kan ṣoṣo," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Gbogbo wa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá a. Ìwọ fi àárọ̀ kan rí i."

"Orí ló bá mi ṣe é."

Wọ́n yíjú sí mi. "Ìgbà wo lo ti rí i?"

"Lónìí ni, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ṣí fíláàsì, wọ́n bu tíì fún mi kí wọ́n tó bu tiwọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. "Mu ún kó tó tutù." Wọn ò bi mí mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, fún ìgbà àkọ́kọ́, mo tètè dé. Báàgì Ẹ̀gbọ́n wà lórí itan wọn. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló jókòó síbi tí mo máa ń jókòó, ó ń wo fóònù rẹ̀. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, mo sì lọ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn títí a fi dé ibùdókọ̀ Union.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ilé iṣẹ́ dín èèyàn kù, Ẹ̀gbọ́n sì wà lára wọn. Wọ́n kó lọ bá ọmọbìnrin wọn àgbà ní Brooklin, nínú àwọn ilé tuntun tó jọra wọn bí ìbejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ kí wọn níbẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti sanra, wọ́n bi mí nípa àwọn ọmọ, wọn ò mẹ́nu kan iṣẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ wọn, mo sì gbé e padà sílé bó ṣe wà. Kò pé ọdún méjì sí i tí àìsàn ọkàn fi mú wọn lọ.

Lẹ́yìn tí a kírun sí wọn lára tí a sì sin wọ́n tán, ọmọbìnrin wọn wá bá mi níbi tí a gbé ọkọ̀ sí. Mo ní ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi dáhùn bí àwọn ọmọ ibí, n ó sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Dádì máa ń pè ní Àbúrò? Wọ́n máa ń sọ pé àwọn yòókù kàn fi orúkọ sábẹ́ iṣẹ́ àwọn ni, pé ẹ̀yin nìkan lẹ kà á." Ó rẹ́rìn-ín nínú omijé. Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ mi, mi ò sì lè yí kọ́kọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Èmi ni mo dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ wa báyìí. Arábìnrin kan láti Ìbàdàn dara pọ̀ mọ́ wa lọ́dún yìí, Uncle ló ń pè mí. Lóṣù tó kọjá mo fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́, kò tó wákàtí kan tí orúkọ arábìnrin náà fi wà lábẹ́ rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù.

"Ṣé o kà á?"

"Mo kà á, Uncle. Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Kí lo rí?"

Ó tún kí mi kú iṣẹ́. Mo mọ irú ìkíni yẹn.

"Yọ orúkọ rẹ. Kọ ohun tí o rí síbẹ̀, lójú gbogbo wọn."

"Háà, Uncle, ẹ jẹ́ kí n wá bá yín lọ́fíìsì."

"Rárá. Ibẹ̀ ni kí o kọ ọ́ sí."

Ìmeèlì rẹ̀ dé lọ́sàn-án. Àṣìṣe méjì ló rí, èkejì kò sì ṣeé wò. Inú bí mi, kí n má parọ́. Mo fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá ibi tí òun náà ti ṣì í kí n lè fún un lésì, mi ò rí i. Mo tún iṣẹ́ náà ṣe, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló rí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ọkọ̀ ojú irin ní Union. Èmi náà ti ń gbé fíláàsì kiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atalẹ̀ tèmi máa ń ta jù. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé báàgì mi sórí ìjókòó kejì. Ìyá kan tó wọlé wò ó, ó bi mí bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Mo ní rárá o, mo sì gbé e sórí itan mi.